Àlàbá tí wọ́n ń bèèrè lọ́wọ́ mi ní Mpape

Ìyá Ìbejì Mpape (Ọjọ́ Ajé, 9:40 alẹ́)

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú iṣẹ́ òní o. Ó ti tó ọdún kan tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín níbí, n kò kọ nǹkan kan rí. Lónìí ọ̀rọ̀ kún mi nínú, mo ní kí n kọ ọ́ kí n tó sùn.

Mpape ní Abuja ni mo ń gbé, lápá òkè níbi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta. Ọmọ ọdún 33 ni mí. Ẹ̀wà àti búrẹ́dì ni mò ń tà láàárọ̀ fún àwọn tó ń sọ̀ kalẹ̀ lọ ṣiṣẹ́ ní Maitama. Ọmọ mẹ́rin ni Ọlọ́run fún wa. Àkọ́bí obìnrin ti pé ọdún mẹ́jọ. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Táyé àti Kẹ́hìndé. Àwọn ìbejì ò tíì pé ọdún kan ààbọ̀ tí Ìdòwú fi dé, Ìdòwú náà sì ti di ọmọ oṣù mẹ́rìnlá báyìí. Yàrá kan ni gbogbo wa ń sùn.

Nígbà tí Ìdòwú pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, àwọn kan wá pàgọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ọjà, wọ́n ní ọ̀fẹ́ ni ìfètò sọ́mọ bíbí lọ́jọ́ náà. Èmi náà tò. Wọ́n fi ìmpláńtì, ọ̀pá tín-ín-rín tí wọ́n ń fi sábẹ́ awọ kí obìnrin má baà lóyún, sí mi lápá òsì, wọ́n fún mi ní káàdì kékeré kan, wọ́n ní ọdún mẹ́ta. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí ẹlòmíràn fi jókòó sórí àga tí mo dìde. Ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi pé nǹkan oṣù mi lè dàrú. Oṣù méjì àkọ́kọ́, n kò rí nǹkan kan. Láti ìgbà náà, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀díẹ̀ ni. Á dà fún ọjọ́ mẹ́jọ, á dá fún mẹ́ta, á tún bẹ̀rẹ̀. N kò kírun bó ṣe yẹ mọ́ láti oṣù yìí wá. Bí mo bá ń bu ẹ̀wà fún oníbàárà, ọkàn mi wà lára aṣọ tí mo ró.

Bàbá wọn ò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni ọwọ́ wọn kan apá mi lóru, wọ́n ní kí ni èyí tó le bí igi ìgbálẹ̀ yìí. Mo sọ òótọ́. Wọn ò bú mi, wọn ò gbé ohùn sókè. Ṣùgbọ́n ọjọ́ karùn-ún rèé, wọn ò bá mi sọ ju ọ̀rọ̀ oúnjẹ lọ.

Ìyá ọkọ mi ń pè láti Ọ̀fà. Kí wọ́n tó bèèrè ọmọ mẹ́rin tó wà nílẹ̀, wọ́n á ní “Àlàbá ńkọ́?” Ẹ mọ bí ó ṣe rí nílẹ̀ wa, bí Ìdòwú bá ti dé, ojú ti ń wọ̀nà fún Àlàbá. Kí Ìdòwú tó dé gan-an, wọ́n ti fi “ìyá ìbejì tí kò bá bí Ìdòwú, orí rẹ̀ á dàrú” dẹ́rù bà mí tó.

Lọ́jọ́rú mo lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba kan kí wọ́n yọ ọ́ fún mi. Wọ́n ní àwọn kọ́ ló fi sí i, kí n mú ₦5,000 wá, kí n sì mú lẹ́tà láti ọ̀dọ̀ ọkọ mi. Ẹni tó ń kọ orúkọ wá sọ lójú gbogbo ènìyàn pé: “Ẹ ti bí mẹ́rin, ẹ tún fẹ́ yọ ọ́. Ṣé ẹ fẹ́ bí òmíràn sí i ni?” Mo dìde, mo rìn jáde. Ẹkún ni mo sun dé ilé.

Ìbéèrè mi rèé. Ṣé kí n yọ ọ́? Bí mo bá yọ ọ́, kí ni mo máa lò? N kò fẹ́ Àlàbá báyìí. Bóyá n kò tilẹ̀ fẹ́ ẹ rárá. Ẹ̀yin ni mo kọ́kọ́ sọ èyí fún.

---

Ọmọ Ìgbómìnà (Ọjọ́ Ajé, 10:05 alẹ́)

Ẹ pẹ̀lẹ́, ìyá mi. Ẹ̀jẹ̀ yẹn ṣe èmi náà, ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ oṣù mẹ́ta ni mo lò ní tèmi. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni mo gbà á kí n tó dá a dúró torí a fẹ́ ọmọ kejì. Oṣù kọkànlá lẹ́yìn tí mo dá a dúró ni mo tó lóyún, ọkàn mi sì ti fò lọ nígbà náà, mo rò pé wọ́n ti ba ilé ọmọ mi jẹ́. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé ó lè pẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró de àwọn tó mọ̀ ọ́n.

---

Nọ́ọ̀sì Kúbwà (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5:20 àárọ̀)

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìrọ́jú. Ẹni tó sọ ọ̀rọ̀ yẹn sí yín lójú ènìyàn ṣẹ̀ yín. Ọdún kẹtàlá rèé tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Mo mọ bí ara ṣe máa ń kan ni bí ẹni méjì bá ń tọ́jú obìnrin ọgọ́ta láàárọ̀ kan ṣoṣo, síbẹ̀ n kò ní bá a wá àwáwí.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹ̀jẹ̀ yẹn. Hómónù kan, ìyẹn èròjà tó ń darí iṣẹ́ ara, ni ìmpláńtì ń tú sára díẹ̀díẹ̀. Kì í sábà jẹ́ kí ẹyin jáde, ó sì ń mú kí ikun ẹnu ilé ọmọ ki, kí àtọ̀ má baà rí ọ̀nà gbà. Hómónù yìí kan náà ló ń sọ awọ inú ilé ọmọ di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, awọ fẹ́lẹ́ yẹn ló ń ṣí díẹ̀díẹ̀ tí ẹ fi ń rí ẹ̀jẹ̀ lákòókò tí kò yẹ. Nínú ọdún kìíní ló máa ń yọ obìnrin lẹ́nu jù, ó máa ń rọlẹ̀ fún ọ̀pọ̀, kì í rọlẹ̀ fún àwọn kan. Bákan náà, ẹni tí kò rí nǹkan oṣù rárá, ẹ̀jẹ̀ kankan ò kó jọ sí i nínú. Ojoojúmọ́ ni mò ń sọ èyí, ojoojúmọ́ ni wọ́n tún ń bi mí.

Ẹ má torí ohun tí mo kọ yìí jókòó sílé o. Ẹ̀jẹ̀ tó ń dà ní àdàtúndà yẹ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò: kí wọ́n ṣe àyẹ̀wò oyún, kí wọ́n wò ó bóyá àrùn kan wà lójú ara, kí wọ́n wo bí ẹ̀jẹ̀ yín ṣe tó, kí wọ́n sì wọn ìfúnpá yín. Bí wọn ò bá rí nǹkan mìíràn, ibuprofen fún ọjọ́ márùn-ún la sábà máa ń kọ́kọ́ lò fún ẹni tí kò ní ọgbẹ́ inú. Kò ní kí ẹ má fọ́mọ lọ́mú. Ṣùgbọ́n ẹ má lọ rà á ní kẹ́míìsì láìjẹ́ pé ẹnì kan ti yẹ̀ yín wò.

Ní ti yíyọ, ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ ni kí wọ́n yọ ọ́. Ọdún mẹ́ta tó wà lórí káàdì ni iye ìgbà tó fi lè ṣiṣẹ́, kì í ṣe iye ìgbà tí wọ́n fi dè yín mọ́ ọn. Ìlànà iṣẹ́ wa ò sì béèrè lẹ́tà ọkọ, yálà fún fífi sí tàbí fún yíyọ. Àwa òṣìṣẹ́ kan la gbé e kalẹ̀ fúnra wa.

Owó ńkọ́? Láti 2011 ni ìjọba àpapọ̀ ti ní kí àwọn èròjà ìfètò jẹ́ ọ̀fẹ́ ní ilé ìwòsàn ìjọba. Òótọ́ ni pé ọ̀fẹ́ ni. Àmọ́ ìbọ̀wọ́, òwú, abẹ tí a fi ń la awọ, abẹ́rẹ́ tó ń mú ojú ibẹ̀ kú, àwọn wọ̀nyẹn kì í sábà bá ọ̀fẹ́ náà wá, ẹ̀yin obìnrin ni wọ́n ń gbà á lọ́wọ́ yín. Yíyọ ló sì máa ń náni jù, torí ó ń gba àkókò ju fífi sí lọ. Àwọn tó ń pàgọ́ sọ́jà ń ka iye tí wọ́n fi sí. Ta ni yóò ka iye obìnrin tó ń wá ibi tí wọ́n á ti yọ ọ́? Ohun tó ń dùn mí jù nínú iṣẹ́ yìí nìyẹn.

Bí ẹ bá fẹ́ pààrọ̀, kọ́ìlì oníbàbà tí a ń fi sínú ilé ọmọ wà, Copper T. Kò ní hómónù, ó ń lo ọdún mẹ́wàá, ṣùgbọ́n ó máa ń mú kí nǹkan oṣù pọ̀ sí i, n kò ní fi í ṣáájú fún ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń yọ lẹ́nu. Abẹ́rẹ́ oṣù mẹ́ta wà, bóyá Depo-Provera tàbí Sayana Press tí a lè kọ́ yín láti fi gún ara yín nílé. Òun náà lè da nǹkan oṣù rú, ó sì máa ń pẹ́ kí oyún tó padà dúró lẹ́yìn rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí Ọmọ Ìgbómìnà ṣe sọ. Kò ba ilé ọmọ jẹ́ o, ó kàn ń pẹ́ kí ó tó tán lára ni. Ti ìmpláńtì kì í pẹ́, bí wọ́n bá ti yọ ọ́ báyìí, oyún lè dé. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n yọ èyí láìtíì mọ èyí tó kàn.

---

Jagun Karmo (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8:15 àárọ̀)

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ti inú mi, n kò fi ṣe èébú. Ta ló ń sanwó gbogbo ọ̀fẹ́ yìí? Omi tí a ń mu ní Karmo, ọwọ́ mẹ́rúwà tó ń ta omi kiri la ti ń rà á, kẹ́ẹ̀gì kan lé kẹ́ẹ̀gì kan. Kò sẹ́ni tó fún wa lómi ọ̀fẹ́. Iná kò sí. Ọ̀nà kò sí. Ṣùgbọ́n ohun tí kò ní jẹ́ kí ìyàwó mi bímọ, wọ́n gbé e wá sẹ́nu ọ̀nà mi láì gba kọ́bọ̀. Ará Kano ni ọ̀gá mi níbi iṣẹ́. Ó sọ fún mi nípa ọdún 1996, nígbà tí àrùn lọ́rùnlọ́rùn ń jà, tí Pfizer dán oògùn Trovan wò lára àwọn ọmọ wọn. Ọmọ 200 ni wọ́n kó sínú ìdánwò náà, 11 kú. Ẹni tí irú èyí ti ṣẹlẹ̀ sí ládùúgbò, ẹ má bínú bí ó bá bi ohun tó wà nínú abẹ́rẹ́ léèrè.

---

Ará Tudun Wada (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 12:50 ọ̀sán)

Jagun, n kò ní bá yín jiyàn lórí Trovan. Ó ṣẹlẹ̀. Kaduna ni wọ́n bí mi sí, nílé àwọn òbí mi tó wá láti Ìkìrun, mo sì rántí 2003 nígbà tí Kano dá abẹ́rẹ́ àjẹsára rọpárọsẹ̀ dúró torí wọ́n ní ó ń sọ ọmọbìnrin di àgàn. Àrùn náà tàn kálẹ̀ láti ibẹ̀ dé àwọn orílẹ̀-èdè tó ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn ọmọ tó ń fi ọwọ́ rìn lẹ́bàá ọ̀nà wa nígbà náà ti di àgbà báyìí.

Ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé ẹ̀rù àwọn ènìyàn ní ìdí, ṣùgbọ́n ẹ̀rù náà ò dá àrùn dúró. Ìbéèrè yín tọ́: ta ló ń sanwó? Ọ̀pọ̀ ọdún ni owó àjèjì fi kó ipa ńlá nínú rẹ̀. Ẹ sì rí i ní ìbẹ̀rẹ̀ 2025, Amẹ́ríkà dá owó ìrànwọ́ dúró lójijì, iṣẹ́ ìlera kan sì bá a dúró ní ọ̀pọ̀ ibi. Bó bá jẹ́ pé ète wọn ni láti pa ìran wa run, wọn ò bá tí dá owó náà dúró.

NURHI, ètò ìfètò sọ́mọ bíbí kan fún àwọn ìlú ńlá Nàìjíríà, ni mo mọ̀ jù, torí àwa ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Ní 2009 ni, ní Abuja, Ìbàdàn, Ìlọrin àti Kaduna, lẹ́yìn náà Benin àti Zaria. Àwọn tálákà inú ìlú ńlá ni wọ́n dojú kọ, torí ẹni tó ń gbé ìgboro lè wà nítòsí ilé ìwòsàn kí ó má sì rí ìtọ́jú. Nígbà náà, wọ́n máa ń tún yàrá ìfètò ilé ìwòsàn ṣe láàárín wákàtí 72: wọ́n á kùn ún, wọ́n á ta aṣọ ìkélé sí i, wọ́n á gbé bẹ́ẹ̀dì tuntun sí i. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin sọ pé aṣọ ìkélé yẹn ló mú òun padà wọlé. Kò sẹ́ni tó ń wo òun láti ẹnu ọ̀nà mọ́.

Iye tó wà nínú NDHS, ìwádìí lórí ìbímọ àti ìlera ní Nàìjíríà, ti 2018 rèé: obìnrin kan ń bí ọmọ 5.3 ní ìṣirò gbogbo Nàìjíríà. Nínú 100 obìnrin tó wà nílé ọkọ, 12 ló ń lo ọ̀nà ìgbàlódé. 19 mìíràn fẹ́ fi àlàfo sí i tàbí kí wọ́n dúró, wọn ò sì lo nǹkan kan. Àwọn 19 yẹn ni kí a máa rò. Kò sẹ́ni tó fi ipá mú wọn fẹ́ ẹ.

---

Alhaja Mararaba (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4:30 ìrọ̀lẹ́)

Ìyá Ìbejì, salamu alaekun. Mo rí i pé ẹ ní ẹ ò kírun bó ṣe yẹ. Ẹ gbọ́ o, ẹ̀jẹ̀ tí kì í ṣe nǹkan oṣù kò dá ìrun dúró. Istihada ni wọ́n ń pè é. Ẹ ka iye ọjọ́ tí nǹkan oṣù yín máa ń gbà tẹ́lẹ̀. Bí iye ọjọ́ yẹn bá ti pé, ẹ wẹ̀, ẹ di aṣọ mọ́ ara, ẹ máa ṣe àlùwàlá tuntun fún ìrun kọ̀ọ̀kan, kí ẹ kírun, kí ẹ gbààwẹ̀. Bí ọjọ́ ò bá yé yín mọ́, ẹ bi àfáà obìnrin tó wà nítòsí yín. Ọkàn yín á balẹ̀ díẹ̀ lórí èyí, in shaa Allah.

Ní ti pé ṣé ẹ̀sìn gbà á, Suratul Baqarah, áyà 233, sọ pé kí ìyá fún ọmọ lọ́mú fún ọdún méjì gbáko, fún ẹni tó bá fẹ́ pé e. Jabir, ọ̀kan nínú àwọn sàhábà tó bá Ànábì gbé, sì sọ pé àwọn ń ṣe azl, ìyẹn ni kí ọkùnrin fà sẹ́yìn, nígbà tí Al-Kùránì ń sọ̀ kalẹ̀ lọ́wọ́. Bukhari àti Muslim, àwọn tó kó hadíìsì jọ, gbà á wá. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ àfáà fi gba fífi àlàfo sí i, bí kò bá ti ní ìpalára, tí tọkọtaya sì fọwọ́ sí i. Sísọ ara ẹni di ẹni tí kò lè bí mọ́ láìsí àìsàn ni ọ̀pọ̀ wọn kọ̀.

Àwọn aládùúgbò mi tó jẹ́ Hausa, “tazarar haihuwa” ni wọ́n ń pè é, àlàfo láàárín ìbímọ. Mo ti rí i pé bí ẹ bá sọ “fámílì pláànì” fún ọkọ wọn, ojú á le. Ẹ sọ “tazara”, wọ́n á jókòó gbọ́ yín.

---

Màmá Garki (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:10 alẹ́)

Ọmọ mi, o kú ìtọ́jú ọmọ. Ọmọ-ọmọ mi ló ń bá mi tẹ èyí, èmi ni mò ń sọ.

Nígbà tèmi ní Ìsẹ́yìn, obìnrin tó bá bímọ kì í sùn lọ́dọ̀ ọkọ rẹ̀ títí ọmọ á fi já lẹ́nu ọmú. Ọdún méjì ààbọ̀, ọdún mẹ́ta. Bí o bá lóyún nígbà tí ọmọ ẹ̀yìn rẹ ò tíì rìn, ojú burúkú ni wọn á fi wò ọ́, àti ìwọ àti ọkọ rẹ. Ìyá ọkọ mi ló ń ṣọ́ mi, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àkéte rẹ̀ ni mo ń sùn. Bí ọkọ mi bá kan ilẹ̀kùn lóru, òun ló ń dá a lóhùn. Agbolé ńlá ni, yàrá mẹ́rìndínlógún. Àwa náà fètò sí i nígbà yẹn, a ò kàn fún un lórúkọ.

Nígbà tí mo wá bá àwọn ọmọ mi ní Abuja, mo rí yàrá kan, bẹ́ẹ̀dì kan, ọkọ, ìyàwó, ọmọ mẹ́ta. Níbo ni kí obìnrin sá sí? Èyí ni mo fẹ́ kí o sọ fún ìyá ọkọ rẹ ní Ọ̀fà. Ohun tó dáàbò bò wọ́n nígbà tiwọn kò sí ní Mpape. Fi í bẹ̀ wọ́n, má fi bá wọn jà.

Ẹ má sì lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń ta òrùka àti ìgbàdí. Àbúrò mi lo òrùka, ó lóyún lẹ́ẹ̀mejì pẹ̀lú òrùka lọ́wọ́.

---

Nọ́ọ̀sì Kúbwà (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:45 alẹ́)

Ẹ ṣeun gan-an, Màmá. Ohun tí ẹ sọ bá ti Àjọ Ìlera Àgbáyé mu: wọ́n ní kí ó kéré tán tó oṣù 24 lẹ́yìn ìbímọ kí obìnrin tó tún máa wá oyún.

---

Bàbá Ayọ̀ Nyanya (Ọjọ́rú, 6:00 àárọ̀)

Mo ka gbogbo rẹ̀ nínú ọkọ̀ láti Nyanya, sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ ò jẹ́ ká lọ. Ọkùnrin ni mí, mo fẹ́ sọ ohun tó lè wà lọ́kàn ọkọ yín.

Ìyàwó mi ṣe irú èyí sí mi ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn. Ohun tó dùn mí jù ni pé ó bẹ̀rù mi débi pé àgọ́ ọjà ló gbà lọ dípò kí ó bá mi sọ ọ́. Mo jókòó, mo ń ro ohun tí mo ti ṣe tí ẹ̀rù mi fi ń bà á tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin á pè é ní ìbínú, torí ìbínú ló rọrùn láti fi hàn.

Bí ẹ bá fẹ́ bá wọn sọ̀rọ̀, ẹ má ṣe é lóru, ẹ má sì ṣe é lójú ọmọ. Ọjọ́ Àìkú tí wọn ò lọ síṣẹ́, ẹ ní kí wọ́n bá yín rìn lọ ra ẹ̀wà. Ẹ ka owó ilé ìwé àwọn ọmọ fún wọn, ẹ ka iye tí ẹ ń rí lórí ẹ̀wà. Ẹ má sọ pé “ẹ gbà kí n ṣe é”. Ẹ ní “ẹ bá mi rò ó”. Èmi ni mo wá ń ra rọ́bà ìdáàbòbò, kọ́ńdọ̀mù, nílé wa báyìí. Ojú kọ́kọ́ tì mí ní kẹ́míìsì. Kò tì mí mọ́.

---

Ọmọge Dutse (Ọjọ́rú, 1:25 ọ̀sán)

Ẹ̀yin màmá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bú mi. N kò tíì lọ́kọ. Mò ń kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán ní Dutse Alhaji. Mo lọ bèèrè ìfètò ní ilé ìwòsàn kan, obìnrin tó wà níbẹ̀ wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní “ọkọ rẹ dà?” N kò padà lọ mọ́. Postinor, oògùn tí wọ́n ń mu lẹ́yìn ìbálòpọ̀ kí oyún má baà dúró, ni mò ń lò, bíi ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lóṣù. Ọ̀rẹ́ mi kan lóyún ní ọdún tó kọjá, ó lọ sọ́dọ̀ ẹnì kan tó ń ṣẹ́ oyún ní yàrá. Ó kú. Ọmọ ogún ọdún ni. Mo ń bẹ̀rù.

---

Nọ́ọ̀sì Kúbwà (Ọjọ́rú, 1:50 ọ̀sán)

Ọmọ mi, kò sẹ́ni tó máa bú ọ níbí. Ẹ kú àjálù ti ọ̀rẹ́ rẹ. Kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere.

Postinor wà fún ọjọ́ kan tí nǹkan já lọ́wọ́, láàárín wákàtí 72, bó bá sì ti yá tó ló dára tó. Bí o bá ń lò ó lẹ́ẹ̀mẹ́ta lóṣù, oyún lè gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, kò sì dáàbò bò ọ́ lọ́wọ́ HIV àti àwọn àrùn mìíràn. Nínú àwọn ọ̀nà ìfètò, rọ́bà nìkan ló ń ṣe ìyẹn. Ohun tó yẹ ọ́ ni ọ̀nà kan tó ń ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́, kí o sì máa lo rọ́bà pẹ̀lú rẹ̀. Kọ̀wé sí mi níkọ̀kọ̀, màá sọ ibi tí wọn ò ti ní bi ọ́ léèrè ọkọ.

Ẹ̀yin tó ń kàwé, nínú ìwádìí 2018 yẹn, obìnrin 512 ló ń kú nínú ọ̀rọ̀ oyún àti ìbímọ fún 100,000 ọmọ tí a bí láàyè. Bí mo bá gbọ́ “ọkọ rẹ dà”, àwọn yẹn ló ń wá sí mi lọ́kàn.

---

Jagun Karmo (Ọjọ́rú, 9:30 alẹ́)

Mo ka ti ọmọ Dutse. N kò ní ọ̀rọ̀. Mo ní ọmọbìnrin tó jẹ́ ọdún 17. Nọ́ọ̀sì, ẹ bá mi dáhùn èyí: ìyàwó mi sọ pé ìmpláńtì lè rìn lọ sínú ọkàn. Ṣé òótọ́ ni?

---

Nọ́ọ̀sì Kúbwà (Ọjọ́bọ̀, 5:30 àárọ̀)

Abẹ́ awọ gan-an ni wọ́n ń fi í sí, ẹ̀yin fúnra yín lè fi ìka kàn án, bíi ti Bàbá Ìbejì. Bó bá wà níbi tó yẹ, ibẹ̀ ló sábà máa ń wà; ó ṣọ̀wọ́n gan-an kí ó rìn lọ jìnnà. Bí ẹ bá wá a tí ọwọ́ ò kàn án, ilé ìwòsàn ni kí ẹ lọ, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa fi abẹ wá a kiri. Ẹ tún sọ fún wọn bí ìyàwó yín bá ń lo oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ, oògùn wárápá tàbí ti HIV. Àwọn kan nínú wọn máa ń dín agbára ìmpláńtì kù.

Jagun, ẹ bá wọn wá. Ẹ̀yin pẹ̀lú lè bèèrè ohun tó wà nínú abẹ́rẹ́. Inú mi máa ń dùn bí ọkùnrin bá bèèrè.

---

Ìyá Ìbejì Mpape (Ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ kejì, 8:20 alẹ́)

Ẹ̀yin ènìyàn mi, mo padà wá jábọ̀.

Bàbá Ayọ̀, mo ṣe bí ẹ ṣe wí. Ọjọ́ Àìkú la jọ lọ ra ẹ̀wà ní ọjà. Mo ka gbogbo owó. Mo sọ ti yàrá kan àti ti agbolé tí Màmá Garki sọ. Wọ́n gbé àpò ẹ̀wà náà sí èjìká, wọn ò sọ nǹkan kan títí a fi gun òkè. Nígbà tó yá wọ́n ní: “Ìwọ rò pé màá lù ọ́ ni?” Mo ní rárá, mo rò pé ẹ máa ní rárá. Wọ́n dúró lójú ọ̀nà. Wọ́n ní àwọn náà kì í sùn lóru, owó ilé ni àwọn ń rò.

Lọ́jọ́rú wọ́n gba àyè níbi iṣẹ́, a jọ lọ bá Nọ́ọ̀sì. Wọ́n yẹ̀ mí wò, kò sí oyún, kò sí àrùn, ìfúnpá mi dára. Ẹ̀jẹ̀ mi ló kéré díẹ̀, wọ́n fún mi ní oògùn ẹ̀jẹ̀, wọ́n ní kí n máa jẹ ẹ̀fọ́ àti ẹ̀dọ̀. Mo ń lo ibuprofen ọjọ́ márùn-ún tí wọ́n kọ fún mi, kò tíì tán. Ẹ̀jẹ̀ ti dá láti àná. N kò mọ̀ bóyá á padà wá. Wọ́n ní bó bá padà wá, kí n wá, bí mo bá sì ní kí wọ́n yọ ọ́ lọ́jọ́ náà, wọ́n á yọ ọ́. Torí wọ́n sọ ìyẹn fún mi, mo rí i pé mo lè dúró.

Alhaja, mo kírun lánàá. Ẹ ṣé.

Ìyá Ọ̀fà tún pè láàárọ̀ yìí. Bàbá Ìbejì ló gbé fóònù. Mo gbọ́ tí wọ́n ní: “Ìyá, ẹ jẹ́ kí Ìdòwú kọ́kọ́ mọ̀ wá.” Wọ́n bá wọn sọ̀rọ̀ pẹ́ níta, n kò bèèrè ohun tó kù.

Nọ́ọ̀sì, aládùúgbò mi kan wà, ẹ̀yà Gbagyi ni, ọmọ méje ló bí. Mo sọ fún un. Ó fẹ́ bá mi wá, ṣùgbọ́n ó ní òun ò gbọ́ Yorùbá, òun ò sì fẹ́ kí wọ́n pariwo mọ́ òun. Ọjọ́ wo ni kí n mú un wá?

---

Nọ́ọ̀sì Kúbwà (Ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ kejì, 9:02 alẹ́)

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni kí ẹ mú un wá, kí aago mẹ́jọ tó lù, kí èrò tó pọ̀. Ẹnì kan wà lọ́dọ̀ wa tó gbọ́ Gbagyi, obìnrin ni, màá ní kí ó wà níbẹ̀. Kí ẹ má sanwó fún ìbọ̀wọ́ níta, mo ti fi méjì pamọ́. Ẹ mú káàdì yín dání.